Ilé-ìwé charter kékeré ní Houston ń wá ọlọ́pàá: ibo la ti máa rí i, kí la sì máa kọ sínú àdéhùn?

Akọ̀wé_Ìgbìmọ̀

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará wa tó wà nídìí ètò ẹ̀kọ́ àti ètò ààbò ní Texas. Ẹ jọ̀wọ́, mo nílò ìmọ̀ràn yín kí ìgbìmọ̀ wa tó jókòó.

Ilé-ìwé charter (ilé-ìwé ọ̀fẹ́ tí ìjọba ń náwó sí, àmọ́ tí ìgbìmọ̀ tirẹ̀ ń darí) ni, ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn Houston, nítòsí òpópónà Bissonnet. Akẹ́kọ̀ọ́ 260 ló wà níbẹ̀, láti jẹ́lé-ó-sinmi títí dé kíláàsì kẹjọ. Ilé kan ṣoṣo ni. Ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n kọ́ ọ fún tẹ́lẹ̀, nítorí náà ilẹ̀kùn mẹ́ta ló ṣí síta, àwa àtàwọn ọlọ́jà tó múlé tì wá la sì jọ ń lo ibi ìgbọ́kọ̀sí. Òfin HB 3 ti Texas (HB tàbí SB pẹ̀lú nọ́ńbà ni wọ́n fi ń dárúkọ òfin níbí) ní kí ẹni tó gbé ìbọn, tó sì lẹ́tọ̀ọ́ sí i, wà nínú ọgbà ní gbogbo wákàtí ẹ̀kọ́. Ìgbìmọ̀ ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé owó kò tó, ẹ̀ṣọ́ aládàáni kan la sì ń lò. Ní báyìí, àwọn òbí ní ọlọ́pàá gidi làwọn fẹ́.

Nǹkan mẹ́rin ni mo fẹ́ mọ̀. Ta ni òfin gbà pé ó tó? Ibo ni ilé-ìwé kékeré ti ń rí irú ẹni bẹ́ẹ̀, èló ló sì ń náni? Kí la máa kọ sínú àdéhùn tí ọmọ tó kàn ṣàfojúdi sí olùkọ́ kò fi ní bá ara rẹ̀ nínú ọkọ̀ ọlọ́pàá? Èyí tó kẹ́yìn: àwọn òbí kan wà lọ́dọ̀ wa tí ìwé ìgbélùú wọn kò pé. Báwo la ṣe máa ṣe é tí wọn kò fi ní máa sá fún ẹnu ọ̀nà ilé-ìwé?

Aṣírò_Texas

Ẹ kú ìtọ́jú àwọn ọmọ. Ọ̀rọ̀ òfin àti ti owó ni màá mú. Àwọn tó mọ ti àdéhùn jù mí lọ á gba ìyókù.

HB 3 jáde lẹ́yìn ìpakúpa tó wáyé nílé-ìwé kan ní ìlú Uvalde, Texas, ní ọjọ́ 24 oṣù karùn-ún 2022, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 1 oṣù kẹsàn-án 2023. Ẹni tí òfin ń wá gan-an ni ọlọ́pàá tó ní àṣẹ láti mú ènìyàn, tí TCOLE, àjọ ìpínlẹ̀ tó ń bójú tó agbófinró, fún ní ìwé-àṣẹ. Ọ̀nà mẹ́ta ló lè gbà dé ọ̀dọ̀ ilé-ìwé. Ó lè jẹ́ ọlọ́pàá ẹ̀ka tí ètò ẹ̀kọ́ agbègbè dá sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Ó lè jẹ́ ọlọ́pàá ìlú tàbí ti county (apá ìpínlẹ̀ tó ní ìjọba tirẹ̀) tí ọ̀gá rẹ̀ yàn sọ́dọ̀ yín, èyí tí wọ́n ń pè ní SRO. Ó sì lè jẹ́ ọlọ́pàá tó ní àṣẹ, tí ilé-ìwé fúnra rẹ̀ gbà síṣẹ́ ẹ̀ṣọ́. Ẹ̀ṣọ́ aládàáni kò sí nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, bó ti wù kí aṣọ rẹ̀ jọ ti ọlọ́pàá tó. Inú àyè tí òfin fi sílẹ̀ fún ilé-ìwé tí kò rí owó tàbí tí kò rí ènìyàn nìkan ló ti lè ṣiṣẹ́. Níbẹ̀ náà, ó gbọ́dọ̀ ti gba ẹ̀kọ́ ìbọn fún ààbò ilé-ìwé lọ́dọ̀ olùkọ́ tí ìpínlẹ̀ fọwọ́ sí, kí ìgbìmọ̀ sì ti kọ ìlànà tó fún un láyè láti gbé ìbọn wọ ọgbà. Ẹ lọ wo fáìlì ẹ̀ṣọ́ tí ẹ ní báyìí, bóyá ìwé méjèèjì wà níbẹ̀.

Ìpinnu pé owó kò tó kò lè dá dúró láìsí ẹ̀rí. TEA, àjọ ètò ẹ̀kọ́ ìpínlẹ̀ Texas, lè béèrè ìwé rẹ̀ nígbàkigbà. Nínú fáìlì kan fún ẹ̀rí yìí ni kí ẹ kó àkọsílẹ̀ ìpàdé ìgbìmọ̀ sí, pẹ̀lú ìṣúná ọdún náà, lẹ́tà tí ẹ kọ sí ẹ̀ka ọlọ́pàá kọ̀ọ̀kan, èsì wọn, àti ètò tí ẹ fi rọ́pò ọlọ́pàá. Ibi tó ti sábà máa ń bàjẹ́ ni ti lẹ́tà: ilé-ìwé á ní àwọn kò rí ọlọ́pàá, ṣùgbọ́n kò ní sí bébà kan tó fi hàn pé wọ́n béèrè. Ẹ kọ lẹ́tà, ẹ má pè lórí fóònù nìkan.

Ó kan owó. Láti ìgbà tí HB 2 ti 2025 ti dé, ìpínlẹ̀ ń fún ilé-ìwé ní $33,540 lórí ọgbà kọ̀ọ̀kan lọ́dún fún ètò ààbò, àti $20 lórí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan. (Lábẹ́ HB 3, $15,000 àti $10 ni.) Iye ọmọ tó ń wá lójoojúmọ́ ni wọ́n ń kà, kì í ṣe iye tó forúkọ sílẹ̀. Tí 245 bá ń wá nínú 260 yín, $4,900 nìyẹn. Ẹ fi $33,540 kún un, ó di $38,440.

Ẹ wá gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ iṣẹ́ ọlọ́pàá. Wákàtí mẹ́jọ lóòjọ́ fún ọjọ́ 175 jẹ́ wákàtí 1,400. Tí wákàtí kan bá jẹ́ $50, $70,000 ni ẹ máa san. Tí ó bá jẹ́ $60, ó di $84,000. Pẹ̀lú iye tó kéré jù nínú méjèèjì, $31,560 ṣì gbọ́dọ̀ ti ibòmíràn wá. Ẹ sì rántí pé owó ààbò yìí kan náà ni ẹ máa fi tún ilẹ̀kùn ṣe, tí ẹ máa fi ra rédíò, tí ẹ sì lè fi ran iṣẹ́ olùdámọ̀ràn akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́. Èmi ò rò pé ó bójú mu kí ilé-ìwé tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ kó gbogbo rẹ̀ lé ọlọ́pàá lórí.

Ní ti ibi tí ẹ ti máa rí i: HISD àti Alief ISD, ètò ẹ̀kọ́ agbègbè Houston àti ti Alief, ní ọlọ́pàá tiwọn, ṣùgbọ́n àwọn ilé-ìwé tiwọn ni wọ́n ń ṣọ́. Ẹ kọ̀wé sí HPD (ọlọ́pàá ìlú Houston), ẹ kọ sí Sheriff (olórí agbófinró county), ẹ sì kọ sí Constable (agbófinró tí wọ́n dìbò yàn fún apá kan county) tó ni agbègbè yín. Mẹ́jọ ni ẹ̀ka Constable ní Harris County, ẹ fi àdírẹ́sì ilé-ìwé wá tiyín. Àdéhùn députì, ìyẹn ọlọ́pàá tó wà lábẹ́ wọn, ti mọ́ àwọn Constable lára, torí àwọn ẹgbẹ́ onílé ní Houston ti ń bá wọn ṣe é tipẹ́. Ohun tí ẹ gbọ́dọ̀ béèrè ni ìdá wákàtí rẹ̀ tó máa lò lọ́dọ̀ yín ní tòótọ́. Députì tó lè jáde lọ dáhùn ìpè níbòmíràn láàárín ọ̀sán kò tẹ́ òfin lọ́rùn ní wákàtí tí kò sí níbẹ̀.

Ọlọ́pàá tó ń fi àkókò ìsinmi rẹ̀ ṣe iṣẹ́ àfikún lè dín owó kù, àmọ́ ọ̀gá rẹ̀ gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i, àwọn ẹ̀ka sì máa ń fi ààlà sí iye wákàtí tí ènìyàn lè fi ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ìyẹn ló fà á tí ojú mẹ́ta mẹ́rin fi máa ń yí po láàárín ọ̀sẹ̀ kan, tí kò sì sí ìkankan nínú wọn tó mọ orúkọ àwọn ọmọ. Owó ìrànwọ́ ìjọba àpapọ̀ wà lọ́dọ̀ àjọ COPS: èyí tó ń san owó oṣù ọlọ́pàá, ẹ̀ka ọlọ́pàá ló ń béèrè fún un, ilé-ìwé kọ́; èyí tó wà fún ilé-ìwé, tí wọ́n ń pè ní SVPP, ohun èlò àti ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ló wà fún, kì í san owó oṣù ọlọ́pàá.

Amòfin_Ọmọ_Ilé_Ìwé

Ẹ̀gbọ́n Akọ̀wé, ibi àdéhùn ni kí ẹ ti tẹjú mọ́ ọ̀rọ̀ yìí jù. Ẹ̀ka ọlọ́pàá sábà máa ń ní ìwé tí wọ́n ti tẹ̀ sílẹ̀. Owó, wákàtí àti ìdójútòfò ló máa ń wà nínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ọmọ kì í sábà pọ̀ níbẹ̀. Ẹ kọ tiyín gẹ́gẹ́ bí àfikún, kí ẹ má sì fọwọ́ sí ọ̀kan láìsí èkejì.

Ìlà àkọ́kọ́ ni ti ìbáwí. Láti 2019 ni òfin Texas ti ní wọn kò gbọ́dọ̀ fún ọlọ́pàá ilé-ìwé ní iṣẹ́ ìbáwí ojoojúmọ́ tàbí iṣẹ́ ọ́fíìsì. Ẹ má kàn da òfin náà kọ, ẹ dárúkọ àwọn nǹkan: pípẹ́ dé, aṣọ tí kò bófin mu, fóònù, èébú, kíkọ̀ láti jókòó, sísáré ní ọ̀ọ̀dẹ̀, ìjà ọwọ́ láàárín àwọn ọmọdé tí kò mú ọgbẹ́ wá. Ẹ tún kọ ẹni tó lè pè é. Tèmi ni pé ọ̀gá ilé-ìwé tàbí igbákejì rẹ̀ nìkan, àfi tí ohun ìjà bá wà tàbí tí ẹ̀mí bá wà nínú ewu. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kí olùkọ́ tó ti rẹ̀ gbé rédíò kí ó ní kí ọlọ́pàá wá mú ọmọ jáde ní kíláàsì. Ọmọ náà á kọ̀, ọlọ́pàá á fọwọ́ kàn án, ọmọ á ja ara rẹ̀ gbà, ohun tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú fóònù á sì di ẹ̀sùn pé ó bá ọlọ́pàá jà.

Ọjọ́ orí ló tẹ̀lé e. Òfin SB 133 ti 2023 ní ọlọ́pàá tàbí ẹ̀ṣọ́ kò gbọ́dọ̀ di ọmọ ọdún mẹ́wàá sí ìsàlẹ̀ mú, kò gbọ́dọ̀ fọ́n ata sí i lójú, kò gbọ́dọ̀ lo Taser (ẹ̀rọ tó ń fi iná mànàmáná gbá ènìyàn) fún un, àfi tí ọmọ náà bá lè ṣe ara rẹ̀ tàbí ẹlòmíràn ní ìjàǹbá ńlá. Ilé-ìwé tó bẹ̀rẹ̀ láti jẹ́lé-ó-sinmi ni tiyín, nítorí náà ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ yín ni òfin yìí dáàbò bò. Kí ọlọ́pàá tó wọlé ní ọjọ́ àkọ́kọ́, kó mọ̀ ọ́n. Láti 2013 náà ni ọlọ́pàá kò ti lè kọ tíkẹ́ẹ̀tì fún akẹ́kọ̀ọ́ torí pé ó da kíláàsì rú nínú ilé-ìwé rẹ̀, àti láti 2015, sísá nílé-ìwé kì í ṣe ọ̀ràn kóòtù ọ̀daràn mọ́ ní Texas.

Yíyẹ àpò ọmọ wò. Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ti Amẹ́ríkà gbà ní 1985, nínú ẹjọ́ T.L.O., pé ìfura tó nídìí tó fún òṣìṣẹ́ ilé-ìwé láti yẹ àpò akẹ́kọ̀ọ́ wò. Ọlọ́pàá tó dá yẹ̀ ẹ́ wò fúnra rẹ̀ sábà nílò ẹ̀rí tó lágbára ju ìyẹn lọ. Nítorí náà, ẹ kọ ọ́ pé òṣìṣẹ́ kò ní yẹ àpò ọmọ wò torí pé ọlọ́pàá rán an. Tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ohun ìjà, kí ọlọ́pàá gba ipò iwájú, gbogbo ènìyàn á lóye ìyẹn.

Ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Ẹjọ́ J.D.B. ti 2011 ní ọjọ́ orí ọmọ ṣe pàtàkì tí wọ́n bá fẹ́ mọ̀ bóyá ó wà ní ìkáwọ́ ọlọ́pàá tàbí kò sí. Ọmọ ọdún 13 tí wọ́n pè kúrò ní kíláàsì wọ yàrá tí ọlọ́pàá jókòó sí kò ní rò pé òun lè dìde kí òun máa lọ. Ẹ kọ ọ́ pé wọ́n á pe òbí kí ìbéèrè kankan tó bẹ̀rẹ̀, àfi tí ewu bá wà lójú ẹsẹ̀, kí àgbàlagbà kan láti ilé-ìwé sì jókòó ti ọmọ náà.

Fáìlì ọmọ. Òfin FERPA ti 1974, tó ń dáàbò bo àkọsílẹ̀ akẹ́kọ̀ọ́, ṣì wà. Wíwà ọlọ́pàá ní ọ̀ọ̀dẹ̀ kò fún un ní àṣẹ láti máa ṣí ìwé àwọn ọmọ. Tí ẹ bá fẹ́ kó rí ohun kan, àdéhùn gbọ́dọ̀ sọ ohun tó jẹ́, ìdí rẹ̀, àti pé ilé-ìwé ló ń darí bó ṣe máa lò ó. Ẹ má gbàgbé kámẹ́rà àyà rẹ̀: ìgbà wo ló máa ń tàn án, ta ló ń tọ́jú fídíò, báwo lòbí ṣe lè béèrè láti wò ó?

Ó kan ti ìwé ìgbélùú. Ẹjọ́ Plyler ti 1982, láti Texas níbí, ló fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ọmọ tí kò ní ìwé lẹ́tọ̀ọ́ sí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé-ìwé ìjọba. Òfin SB 4 ti 2017, tó fún ọlọ́pàá láyè láti béèrè ìwé lọ́wọ́ ẹni tí wọ́n bá dá dúró, yọ ilé-ìwé ìjọba àti charter sílẹ̀, pẹ̀lú ọlọ́pàá tó ń ṣiṣẹ́ fún wọn, nígbà tó bá wà lẹ́nu iṣẹ́ ilé-ìwé. Ẹ fi ìlà kan kún àdéhùn pé kò ní béèrè ìwé ìgbélùú lọ́wọ́ ọmọ tàbí òbí, kí ẹ sì túmọ̀ ìlà náà sí èdè Sípáníìṣì kí ẹ tó fi ránṣẹ́ sílé. Tí députì Sheriff bá ni ẹ fẹ́ mú, ẹ bá agbẹjọ́rò yín jókòó lórí èyí dáadáa, torí SB 8 ti 2025 ti ní kí àwọn Sheriff tó ní ọgbà ẹ̀wọ̀n wọ àdéhùn pẹ̀lú ICE, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń mú òfin ìwọ̀lú ṣẹ.

Lákòótán ìwé náà, ẹ gba ẹ̀tọ́ láti jókòó pẹ̀lú ẹni tí wọ́n fẹ́ rán wá kí ẹ tó gbà á, àti ẹ̀tọ́ láti ní kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ láàárín iye ọjọ́ kan pàtó. Òfin fún ọlọ́pàá tí wọ́n yàn sílé-ìwé ní ọjọ́ 180 láti parí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tó jẹ mọ́ iṣẹ́ láàárín àwọn ọmọ. Ẹ̀yin lè ní kó ti parí rẹ̀ kó tó dé. Ọjọ́ 180 ju ìdajì ọdún ẹ̀kọ́ kan lọ.

Ilẹ̀kùn_Àti_Kọ́kọ́rọ́

Gbogbo ohun tí wọ́n sọ dára. Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn mẹ́ta, ọlọ́pàá kan. Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ nípa ìyẹn.

Uvalde ní ẹ̀ka ọlọ́pàá ilé-ìwé tirẹ̀. Àwọn agbófinró 376 ló dé ibẹ̀ lọ́jọ́ náà, ìṣẹ́jú 77 ló sì kọjá kí wọ́n tó wọlé pa apànìyàn yẹn. Ọmọ 19 àti olùkọ́ méjì ló kú. Ilẹ̀kùn ìta tó gbà wọlé, wọ́n ti pa á dé, kọ́kọ́rọ́ ni kò mú. Wọ́n sì ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé kọ́kọ́rọ́ yàrá 111 ní wàhálà. Ẹ fi èyí sọ́kàn kí ẹ tó ná dọ́là kan lórí ẹnikẹ́ni tó gbé ìbọn.

Ìlànà TEA ní kí ẹ yẹ ilẹ̀kùn ìta kọ̀ọ̀kan wò ní ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀, ìpínlẹ̀ sì ń rán ènìyàn wá láìkéde láti wò ó bóyá òun lè wọlé. Bí a ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò rèé. Ẹ ṣí i tán pátápátá, ẹ fi í sílẹ̀ kó padà fúnra rẹ̀. Ẹ tún ṣí i ní ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan péré, ẹ fi í sílẹ̀: ibi yìí ni irin tó ń fa ilẹ̀kùn padà ti máa ń kùnà, torí kò ní agbára tó láti ti ahọ́n kọ́kọ́rọ́ wọ inú férémù. Lẹ́yìn náà, ẹ dúró síta, kí ẹ fa ọwọ́ rẹ̀ tagbáratagbára. Tó bá mì, irin tó wà lára férémù ti yẹ̀. Skúrúù méjì ló máa ń tún un ṣe. Ẹ̀rọ amúlétutù náà ń ṣe jàǹbá: afẹ́fẹ́ tó ń tì láti inú kì í jẹ́ kí ilẹ̀kùn pa dé. Nínú ilé tó ti jẹ́ ṣọ́ọ̀bù, gíláàsì gbogbo iwájú ilé ni àníyàn mi. Ìlànà fẹ́ kí gíláàsì ìsàlẹ̀ àti ti ilẹ̀kùn ní ohun tí kò ní jẹ́ kó ṣeé fọ́ wọlé kíákíá. Rọ́bà tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ọn wà, àmọ́ kí wọ́n dè é mọ́ férémù létí, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, odindi rẹ̀ á já bọ́ sínú.

Ilẹ̀kùn kan ṣoṣo ni kí àlejò máa gbà. Méjì yòókù, kí wọ́n ṣeé ṣí láti inú nìkan. Ẹ kọ nọ́ńbà ńlá sí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, nínú àti lóde, kí ẹni tó ń pe 911 lè sọ pé "ilẹ̀kùn kejì". HB 3 ní kí ẹ fún àwọn agbófinró ní àwòrán ilé náà, kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n wá rìn ín yí ká. Ẹ pe gbogbo ẹ̀ka tó lè dé, ẹ má pe ti ọlọ́pàá yín nìkan.

Rédíò: ẹ dán an wò nínú ilé ìtọ̀, nínú yàrá ìkẹ́rù, àti ní ìdí ògiri tó kángun sí ṣọ́ọ̀bù kejì. Òrùlé irin máa ń pa ohùn rẹ̀. Bọ́tìnnì ìpè pàjáwìrì, láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ẹ̀kọ́ 2025-2026, òfin ti ní kó wà ní gbogbo kíláàsì.

Ibi tí ọlọ́pàá máa dúró sí: kó dé kí ọkọ̀ àkọ́kọ́ tó já ọmọ sílẹ̀, kó wà níta ní ibi ìgbọ́kọ̀sí títí ilẹ̀kùn á fi tì, kó sì padà síta kí àwọn ọmọ tó jáde. Láàárín méjèèjì, kó máa rìn, kó má sì máa tọ ọ̀nà kan náà ní wákàtí kan náà. Tí ẹ bá fún un ní ọ́fíìsì tó ní àga ìrọ̀gbọ̀kú, ibẹ̀ lẹ ó ti máa bá a.

Akọ̀wé_Ìgbìmọ̀

Ẹ ṣeun gan-an ni. Mo ti ń kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ìbéèrè méjì ló kù. Tí ọlọ́pàá bá lọ jẹ́rìí ní kóòtù tàbí tí ara rẹ̀ kò yá, kí la máa ṣe lọ́jọ́ náà? Ẹnìkan nínú ìgbìmọ̀ sì ní kí a kúkú sọ olùkọ́ méjì di marshal (òṣìṣẹ́ ilé-ìwé tó ní àṣẹ láti gbé ìbọn), kí a fi owó yòókù ṣe nǹkan míràn. Ṣé ọ̀rọ̀ yẹn mọ́gbọ́n dání?

Aṣírò_Texas

Ọjọ́ kóòtù: ẹ kọ ọ́ sínú àdéhùn pé ẹ̀ka tó rán an wá ló máa rán adípò, àti pé wọ́n á sọ fún yín ní aago kan pàtó láàárọ̀ tí kò bá ní wá. Ẹ kọ iye tí ẹ ó yọ kúrò nínú owó tí adípò kò bá dé. Ẹ kọ ìwé kékeré kan fún adípò náà, ojú ewé kan: àwòrán ilé, nọ́ńbà ilẹ̀kùn, orúkọ ọ̀gá, ohun tí kò gbọ́dọ̀ ṣe. Adípò tí kò mọ àdéhùn ni wàhálà máa ń bá wọlé.

Marshal: àyè tí òfin fi sílẹ̀ fún àìsí owó ló bọ́ sí, nítorí náà ìwé ẹ̀rí tí mo sọ lókè ṣì pọn dandan. Wákàtí 80 ni ìdánilẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ lábẹ́ TCOLE, àyẹ̀wò ọpọlọ sì wà níbẹ̀. Orúkọ rẹ̀ kì í ṣe ohun tí ẹ máa kéde. Ọ̀nà kejì tí wọ́n ń pè ní Guardian, ìgbìmọ̀ fúnra rẹ̀ ló ń fún ènìyàn ní àṣẹ. Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ kò tó ti marshal. Ó dín owó kù, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n olùkọ́ tó ní ọmọ 22 níwájú rẹ̀ kò lè sáré lọ sí ilẹ̀kùn kẹta kó fi wọ́n sílẹ̀. Tí ẹ bá máa ṣe é, ẹ yan ẹni tí kò ní kíláàsì.

Àti ọ̀rọ̀ ìbọn: ara onítọ̀hún ni kó máa wà, tàbí nínú séèfù tó tì. Ní 2023, ní ilé-ìwé kan ní Texas, àgbà òṣìṣẹ́ gbàgbé ìbọn rẹ̀ sínú ilé ìtọ̀, ọmọ kíláàsì kẹta ló rí i. Ẹ kọ ohun tí ẹni tó ní ìbọn máa ṣe tó bá fẹ́ lọ ilé ìtọ̀ sínú ìlànà. Ó dàbí nǹkan kékeré, ibẹ̀ gan-an ló ti ń ṣẹlẹ̀.

Olùdámọ̀ràn_Ọmọ

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbà mí láyè. Èmi ò lòdì sí ọlọ́pàá. Àwọn ọmọ wa ni mò ń rò.

Nínú àkọsílẹ̀ ìjọba àpapọ̀ nípa ẹ̀tọ́ akẹ́kọ̀ọ́, ìpín ọmọ aláwọ̀ dúdú nínú àwọn tí ilé-ìwé fà lé ọlọ́pàá lọ́wọ́ máa ń ju ìpín wọn nínú iye akẹ́kọ̀ọ́ lọ. Ọmọ Adébáyọ̀ àti ọmọ Okafor wà nínú ìṣirò yẹn; fọ́ọ̀mù kò bi wọ́n léèrè ibi tí òbí wọn ti wá. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn ọmọ tó ní àìpé ara tàbí ti ọpọlọ. Ọmọ tó ní autism (ìyàtọ̀ nínú bí ọpọlọ ṣe ń dàgbà) lè máa yí ojú kúrò, kó di etí, kó sá, kó má dáhùn nígbà tí wọ́n bá pè é. Ẹni tí wọn kò kọ́ á rò pé ó ń ṣorí kunkun. Kí olùkọ́ ẹ̀kọ́ àkànṣe jókòó pẹ̀lú ọlọ́pàá ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Kó má fún un ní fáìlì ọmọ kankan. Kó kọ́ ọ ní ohun tó ń mú ara irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ balẹ̀: ohùn ìsàlẹ̀, gbólóhùn kan lẹ́ẹ̀kan, má fọwọ́ kàn án láti ẹ̀yìn, fún un ní àyè.

SB 11 ti 2019 ti ní kí gbogbo ọgbà ní ẹgbẹ́ tó ń gbé ọ̀rọ̀ ìhalẹ̀mọ́ni yẹ̀ wò. Olùdámọ̀ràn, olùkọ́, ẹni tó mọ̀ nípa ìlera ọpọlọ, àti agbófinró ló yẹ kó wà níbẹ̀. Nínú ilé-ìwé kékeré, ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ ni pé ọlọ́pàá nìkan ló ráyè, òun á wá di ẹgbẹ́ náà. Ọmọ ọdún méjìlá kọ̀wé pé òun máa pa gbogbo ènìyàn. Ìbéèrè àkọ́kọ́ ni bóyá ó ní ètò, bóyá ó lè rí ìbọn nílé, àti ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i lọ́sẹ̀ yẹn. Ẹni tó mọ ọmọ náà ló lè dáhùn èyí tó kẹ́yìn.

Ìdí nìyẹn tí mo fi bẹ̀ yín pé kí ẹ ṣe ìwé ìkọsílẹ̀ kan láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá pe ọlọ́pàá sí ọ̀rọ̀ ọmọ, kí wọ́n kọ ọjọ́, aago, kíláàsì, ẹni tó pè é, ìdí rẹ̀, ọjọ́ orí ọmọ, ẹ̀yà rẹ̀, bóyá ó wà nínú ẹ̀kọ́ àkànṣe, bóyá wọ́n fọwọ́ kàn án tàbí wọ́n fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí i, ìgbà tí wọ́n pe òbí, àti ibi tí ọ̀rọ̀ parí sí. Kí orúkọ ọmọ má sí nínú èyí tó ń lọ sọ́dọ̀ ìgbìmọ̀. Nínú ilé-ìwé ọmọ 260, ẹ dín àlàyé kù kí ẹnikẹ́ni má baà dá ọmọ mọ̀ nínú èyí tí ẹ fẹ́ fi han àwọn òbí. Kí ìgbìmọ̀ máa kà á lóṣooṣù, kí wọ́n kọ́kọ́ wo ẹni tó ń pe ọlọ́pàá jù. Lọ́pọ̀ ìgbà, kíláàsì kan tàbí méjì ni gbogbo ìpè náà ti ń wá, olùkọ́ ibẹ̀ ló sì nílò ìrànlọ́wọ́.